Ìyá Dókítà àti Ìdánwò Mẹ́fà

Ìyá Dókítà kò bí dókítà kankan. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ìyẹn kúrò nílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá a níbi tó ti ń fi òwú di ẹsẹ̀ bèbí rẹ̀ tó já, ló bá figbe ta pé, "Ẹ wá wo dókítà mi o!" Bí orúkọ ṣe mọ́ ọmọ lórí nìyẹn, tó sì mọ́ ìyá lórí ju ọmọ lọ. Nígbà tó tó àsìkò láti gbé pátákó tuntun sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń bá àwọn obìnrin àdúgbò ṣe irun, ÌYÁ DÓKÍTÀ ló ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. "Irun fífọ̀, irun dídì" wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré débi pé eṣinṣin lè bà lé e kó bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tí ehín ń dà láàmú wọlé lọ́jọ́ kan, ó rò pé ilé ìwòsàn ni. Wọ́n gẹ irun rẹ̀ fún un, ó sì gbé ehín rẹ̀ padà sílé.

Ká má purọ́ mọ́ ọmọ náà o, òun gan-an fẹ́ di dókítà. Kì í ṣe nítorí pátákó. Láti kékeré ló ti fẹ́ mọ ìdí tí ọgbẹ́ fi ń jiná àti ohun tó ń gbé ibà wá, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, olùkọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀. Tí ẹnu ìyá rẹ̀ bá lè dákẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí di ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí Dókítà lọ, ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní ìdánwò àgbà. Kì í ṣe dandan. Ọmọ tó bá lójú á kọ́ iṣẹ́ ọdún kìíní yunifásítì nígbà tó ṣì wà nínú yunifọ́ọ̀mù, á sì jókòó ṣèdánwò rẹ̀. Máàkì márùn-ún ni òkè téńté. Ẹni tó bá gba márùn-ún, yunifásítì á fún un ní kírẹ́díìtì, ìyẹn ni pé wọ́n á kà á sí ẹni tó ti ṣe kíláàsì náà, kò tún ní jókòó tì í mọ́. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí nìyẹn, àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ti bá ọ́fíìsì da nǹkan pọ̀ rí kì bá tíì pàtẹ́wọ́.

Méjì ni Dókítà fẹ́ ṣe: kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì. Ìyá rẹ̀ gbọ́ "méjì", ó ṣe bí ẹni pé wọ́n bú òun.

"Méjì? Ọmọ ta ni kò lè ṣe méjì? Kí ni wọ́n á wá fi mọ̀ pé ìwọ ni?"

Ó fi ìṣirò kún un. Ó fi ẹ̀kọ́ ìtàn àtijọ́ kún un. Ó fi àwòrán yíyà kún un, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò lè ya adìyẹ kó má jọ àga. Ó wá fi èdè òkèèrè kan dé e ládé, èdè tí kò sẹ́nì kankan nínú ìdílé wọn, láti orí bàbá ńlá títí kan ológbò, tó gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mẹ́fà gbáko. Odidi ọdún méjì ni ọmọ fi dojú bolẹ̀ sórí ìwé. Irun orí rẹ̀ di wúruwùru, ọmọ onídìrí ló wá di ẹni tí irun rẹ̀ burú jù ládùúgbò, nítorí ìgbàkígbà tó bá fẹ́ jókòó kí ìyá rẹ̀ bá a tún un ṣe, ìyá á ní, "Irun kì í sá lọ. Lọ kàwé."

Àbájáde dé. Márùn-ún, márùn-ún, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá Dókítà fọ irun ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà, títí kan obìnrin kan tó wá béèrè ọ̀nà lásán. Nígbà tó fọ ti àwọn yòókù tán, ó nu ọwọ́, ó kọjá sí òdìkejì títì, ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Oníbúrẹ́dì. Obìnrin yìí bí ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ́dún kan náà tí wọ́n bí Dókítà, kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ayé ń pe ọmọ tirẹ̀, nítorí ẹ̀rín àti odò wíwẹ̀ ni iṣẹ́ tó gbájú mọ́. Kò ṣe ìdánwò àgbà ẹyọ kan.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Oníbúrẹ́dì," ni Ìyá Dókítà wí, lẹ́yìn tó ti fi ìka ka mẹ́fà fún un. "Ìka ò dọ́gba."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun dé ìgbúnwọ́. "Àmọ́ gbogbo wọn la fi ń po búrẹ́dì."

Ìgbà tó tó láti fi máàkì ránṣẹ́ sí yunifásítì, olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà pe ìyá àti ọmọ. Ó ní kí wọ́n rọra. Ó ní àwọn ni yóò yan èyí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ìṣègùn ohun tó wúlò fún wọn, nítorí ohun tí èèyàn bá ti fi ránṣẹ́ ti di ohun tí wọ́n á kà mọ́ ọn lọ́rùn.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká béèrè ná," ni Dókítà wí.

"Béèrè kí ni? Ẹni tó bí ọmọ mẹ́fà, ṣé á kó méjì jáde kó wá fi mẹ́rin pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́, tíṣà. Kí wọ́n mọ ẹni tó ń bọ̀."

Wọ́n sì mọ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti yunifásítì. Wọ́n kí ọmọ kú oríire, wọ́n ní àwọn gba kírẹ́díìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tọwọ́tẹsẹ̀, àti pé bí kírẹ́díìtì náà ṣe pọ̀ tó, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, ọdún kejì ni yóò wọ̀ tààrà. Ìyá Dókítà ra férémù aláwọ̀ wúrà, ó fi lẹ́tà náà sínú rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sáàárín dígí méjì, ní ọ̀kánkán ibi tí ojú oníbàárà tó bá jókòó sábẹ́ dírayà máa ń wò. Àga mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, dírayà méjì, èyí tó ti gbó nínú wọn máa ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Obìnrin tí rólà bá wà lórí rẹ̀ lábẹ́ nǹkan báyìí kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbọ́ràn, kò lè yí ọrùn. Kí ló kù? Kó máa ka férémù. Àwọn kan ti mọ̀ ọ́n sórí.

Bàbá Dókítà tí í wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́nà jíjìn, tó máa ń lọ ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó wálé, pè lórí fóònù.

"Ṣé ọmọ ti wọlé?"

"Wọlé? Ó ti wọlé kọjá ibi tí wọ́n ń gbà wọlé! Ọdún kejì!"

"Mo ní, ṣé ó ti wọlé?"

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ni Ìyá Dókítà wí, ó sì pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ dé, Dókítà gbé báàgì lọ sí yunifásítì. Kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi tó fi pe ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, wọn ò jẹ́ kí n rí kíláàsì wọ̀."

"Èwo ni wọn ò jẹ́ kó o wọ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

Ìyá Dókítà tú rólà orí oníbàárà kan ní ìdajì, ó ní kó padà wá lọ́la, ó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ti ń to èébú tó máa bú wọn sẹ́nu, bí ìgbà tí èèyàn ń to pínnì síwájú kó tó bẹ̀rẹ̀ irun.

Ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ tò láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tábìlì, kálukú fi báàgì sáyà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀ níbẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Obìnrin kan ló wà lẹ́yìn tábìlì, tó ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà, tó sì ń fi ọwọ́ kejì mú bisikíìtì. Nígbà tó kan ìyá àti ọmọ, ó tẹ nǹkan, ó wo nǹkan, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ kú oríire, mà! Ọdún kejì ni."

"Ẹ ṣé, àǹtí. Kẹ́mísírì ló fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún."

"Ti ọdún kìíní? Kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ọdún kìíní nìkan ló wà fún."

"Kó wọ ti ọdún kejì nígbà náà."

"Kò lè wọ ìyẹn náà. Kò tíì ṣe ti ọdún kìíní."

Ìyá Dókítà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín fún ọmọdé tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ. "Ó ti ṣe é, àǹtí mi. Ìdánwò àgbà. Márùn-ún. Ẹ̀yin náà lẹ fún un ní kírẹ́díìtì ẹ̀."

"Àwa fún un, mà. Ẹ̀ka ìṣègùn ni kò gbà á. Kẹ́mísírì tí wọn ò bá fẹnu ara wọn kọ́ èèyàn, kì í ṣe kẹ́mísírì lójú wọn."

"Kí wá ni kírẹ́díìtì tí ẹ fún un ń ṣe?"

Obìnrin náà bu bisikíìtì jẹ, ó ronú sí i. "Ó ń sọ ọ́ di ọmọ ọdún kejì, mà."

Ẹnì kan lórí ìlà lẹ́yìn wọn mí kanlẹ̀. "Àdán nìyẹn," ló wí. "Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ." Ìyá Dókítà yíjú wo ẹni náà, ṣùgbọ́n èébú tó tò sẹ́nu láti inú bọ́ọ̀sì kò jáde, nítorí obìnrin orí tábìlì ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní bí ọmọ náà kò bá rí kẹ́mísírì wọ̀ kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀ka ìṣègùn á gba àyè rẹ̀, wọ́n á fún ẹni tó kàn. Ó ní àwọn tó ń dúró de irú àyè bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ bí eṣú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún èèyàn pé òjò lè rọ̀.

Dókítà di ọwọ́ báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin.

Wọ́n lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn. Akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó so táì, ó fi àga lọ̀ wọ́n, ó bu omi fún wọn. Irú wọn ló burú jù. Ẹni tó bá jágbe mọ́ni, a lè jágbe padà.

"Ẹ ò rí i pé márùn-ún ló gbà ni, ọ̀gá?"

"A rí i, mà. Ohun tó jẹ́ ká mú un wọlé nìyẹn. Ọmọ tí ò bá gba márùn-ún nínú kẹ́mísírì ìdánwò àgbà, a kì í wo ojú ẹ̀ níbí."

"Ẹ wá gbà á nígbà náà!"

"A kì í gbà á, mà."

"Dandan ni kó ṣe é, tó bá wá ṣe é tán, ẹ ò ní kà á?"

"Ó ti yé yín," ni akọ̀wé wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Kì í tètè yé àwọn míì."

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, pípele ló ń pele sí i. Akọ̀wé ní bóyá kí wọ́n lọ bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ kẹ́mísírì ọdún kìíní fúnra rẹ̀. Ìyá Dókítà ní kí ọmọ lọ dúró sórí ìlà lọ́hùn-ún kí àyè wọn má bàa bọ́, òun nìkan ló gun àtẹ̀gùn lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọkùnrin náà wà láàárín òkìtì ìwé bí ẹni tí wọ́n kọ́lé mọ́. Ẹfun ìkọ̀wé bo ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, tíì ti tutù sínú kọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó gbọ́ orúkọ ìdánwò náà.

"Ìdánwò gidi ni, mà. Kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn níbẹ̀. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó ń máàkì ẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ tí mo bá fún ní márùn-ún, ọmọ náà mọ kẹ́mísírì."

Ìyá Dókítà pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́run ló rán yín sí wa, sà. Ẹ jẹ́ kó fo kíláàsì yín nígbà náà."

"Háà, rárá. Kíláàsì tèmi jinlẹ̀ jù ú lọ."

Ìyá Dókítà wo orí tábìlì. Ìwé kan wà níbẹ̀ tó nípọn, tí èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ya ìgò mẹ́ta sí i lára. Ó mọ ìwé yẹn. Irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti kà á láti páálí dé páálí, èèpo rẹ̀ ti ya, òun fúnra rẹ̀ ló fi ti ẹsẹ̀ dírayà tó ń ké kó má bàa máa mì.

"Ìwé tí ẹ fi ń kọ́ wọn nìyí, sà?"

"Òun ni."

"Ìwé kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọmọ mi ní girama."

"Ìwé kan náà ni, mà," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí pẹ̀lú sùúrù. "Àmọ́ níbí, àwa la ń kà á."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ìyá Dókítà tó lè bá oníbàárà méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà kó tún máa di irun ẹnì kẹta lọ, wá ń ka ìgò ara ìwé náà. Àánú rẹ̀ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ọ̀nà àbáyọ kan wà. Kí ọmọ kọ kírẹ́díìtì náà. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tí kò bá ti ní kírẹ́díìtì mọ́, á padà di ọmọ ọdún kìíní, kọ̀ǹpútà á ṣílẹ̀kùn fún un, á sì jókòó ní kíláàsì òun bíi gbogbo ọmọ gidi.

Ìyá Dókítà bá ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì tí àwọn tó wà lórí ìlà jókòó sí níta ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ fún un. Ó rò pé ọmọ á bú sẹ́kún. Ọmọ kàn mí jáde.

"Ẹ jẹ́ ká kọ̀ ọ́, Mọ́mì."

"Ká kọ kí ni? Ọdún méjì! Mẹ́fà! Ṣé o mọ iye àwọn tó ti ka lẹ́tà yẹn?" Ó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì ń rí àwọn obìnrin abẹ́ dírayà tí wọ́n to rólà sórí, tí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà. Ìtìjú náà kò tíì dé, ojú ti ń tì í. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Mọ́mì, ta ló fẹ́ di dókítà, èmi àbí férémù?"

Dókítà kì í gbó ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ yíjú láti wò ó dáadáa, kó mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ó sì rí irun wúruwùru àti ojú tó ti pọ́n. Ibi tó ti ń wò ó lọ́wọ́ ni àwọn ọmọ kẹ́mísírì ọdún kìíní ti ń tú jáde láti gbọ̀ngàn òdìkejì. Ta ló ṣáájú wọn? Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ló wá kọ́, àwọn náà sì ń ṣe kẹ́mísírì kan náà. Ó gbé ìwé aláwọ̀ ewé náà sáyà, ìwé tuntun tí kò tíì ní ẹyọ àbàwọ́n kan.

"Ẹ káàsán, mà!" Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà, mo ti gba ìjókòó sílẹ̀ fún ẹ o. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí bàbá yẹn ń sọ, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún mi."

Ó sì ń lọ. Kò mọ̀ pé òun ti gún ẹnì kan lọ́bẹ. Fóònù Ìyá Dókítà dún. Bàbá Dókítà ni.

"Ṣé ọmọ ti wọlé?"

Ìyá Dókítà gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Ọkùnrin yìí ti ń béèrè ohun kan náà láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé, òun sì ń fi ọdún kejì dá a lóhùn. Ó rí i báyìí pé òun kò tíì dáhùn ìbéèrè náà rí.

"Màá pè yín padà," ló wí.

Obìnrin orí tábìlì ti jẹ bisikíìtì rẹ̀ tán. Ó ní nítorí pé ọmọ kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, òbí ni yóò kọ̀ ọ́ fún un, yóò fẹnu sọ ọ́, yóò sì fọwọ́ sí i. Ó yí kọ̀ǹpútà sí Ìyá Dókítà, ó ń kà á sókè ketekete kí ìlà gbọ́.

"Ẹ gbà pé ọmọ yín kò ní dárúkọ ìdánwò wọ̀nyí mọ́ fún ohunkóhun nínú ọgbà yìí. Lójú yunifásítì, kò ṣe wọ́n rí."

"Kò ṣe wọ́n rí?"

"Kò ṣe wọ́n rí, mà."

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ mẹ́rin, kí méjì ṣẹ́kù fún un. Bàọ́lọ́jì lásán, àti kẹ́mísírì. Ká lè máa fi rántí."

"Kò sí yíyàn níbí, mà. Ìgbà tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ló yẹ kí ẹ ti yàn."

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ tó ń tọ́ni sọ́nà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sì ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìyá Dókítà kò wẹ̀yìn wo Dókítà, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ náà kò ní wo òun pẹ̀lú ìbínú, kò sì fẹ́ rí i. Ó ní, "Ọmọ mi kò ṣe ìdánwò kankan." Ó fọwọ́ sí i. Obìnrin náà fi ìka kan tẹ nǹkan, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ tàn gẹ́gẹ́ bíi ti àkọ́kọ́.

"Ẹ kú oríire, mà! Ọmọ yín ti di ọmọ ọdún kìíní."

Ẹ̀yin ẹ máa rò pé ó délé, ó yọ férémù. Kò yọ ọ́. Ó nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ọwọ́ náà nu dígí. Àwọn oníbàárà ń bá kíkà wọn lọ, wọ́n ń béèrè pé báwo ni ọdún kejì, ó ń ní, "A dúpẹ́." Ìyá Oníbúrẹ́dì náà wá ṣe irun. Ọmọ obìnrin yìí ló jókòó ti Dókítà ní kíláàsì, nítorí náà ó mọ ohun gbogbo, kò sì sọ ẹyọ kan. Ó jókòó sábẹ́ dírayà tó ń ké, ó tẹjú mọ́ lẹ́tà, ó ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Aládùúgbò tó bá mọ̀ tó sì ń pariwo, ìyà díẹ̀ ni. Èyí tó mọ̀ tó dákẹ́ ni kò ṣe é fara dà.

Ọjọ́ náà jẹ́ Sátidé, àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún. Dókítà wálé, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi.

"Dókítà wa!" ni obìnrin kan tí ọṣẹ wà lórí rẹ̀ kígbe. "Ọdún kejì ńkọ́? Kí ni wọ́n ń kọ́ yín?"

Ìyá rẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Ọmọ rí i. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Kẹ́mísírì la ṣe lánàá, mà. Lẹ́kítúrà wa, bàbá tí ẹfun máa ń bo ọwọ́ ẹ̀wù ẹ̀, béèrè nǹkan kan, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo nawọ́, mo dáhùn. Ó tún béèrè òmíì tó le jù ú lọ, mo tún dáhùn. Ó bá yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ti kọ́ eléyìí?'"

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró lórí irun tó ń dì.

"Mo rántí ohun tí a fọwọ́ sí. Mo ní, 'Mi ò kọ́ ọ níbì kankan, sà.' Ó wò mí títí. Ó mirí, ó ní, 'Ó mà ṣe o! Irú ọmọ báyìí! Ká ní o ti ṣe ìdánwò àgbà ni, o ò ní wulẹ̀ jókòó sí kíláàsì yìí rárá. Kí ló dé tó ò ṣe é?'"

Àwọn tí kò mọ nǹkan kan ń wo Dókítà, wọ́n ń wo férémù, wọ́n tún ń wo Dókítà. Ìyá Oníbúrẹ́dì pa dírayà fúnra rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sókè tòun ti rólà.

"Kí lo wá sọ fún un, ọmọ mi?"

"Mo ní Mọ́mì mi ni kò jẹ́."

Obìnrin orí ọṣẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí rólà kan fi yọ lórí rẹ̀ tó yí lọ sábẹ́ àga. Ìyá Dókítà la ẹnu láti já irọ́ náà. Ó fẹ́ ní ta ló ra àtùpà ìkàwé, ta ló fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ nítorí mẹ́fà, ta ló ní kí irun dúró? Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó rántí ohun tó fọwọ́ sí, ó rí i pé ohun tí ọmọ sọ kì í ṣe irọ́.

Ó lọ síbi férémù, ó yí ojú lẹ́tà náà sí ògiri. Ó padà wá parí irun oníbàárà tó wà lórí àga, ó sì gba owó rẹ̀. Nígbà tí àga ṣófo, ó gbá irun tó já sílẹ̀ lábẹ́ àga náà kúrò, ó sì mú kóòmù tí ehín rẹ̀ jìnnà síra.

"Èmi náà ti ń dúró kí n wọlé o," ni obìnrin kan tó wà ní ẹnu ọ̀nà wí.

"Ẹ dúró díẹ̀ sí i, mà," ni Ìyá Dókítà wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Wá jókòó síbí, jẹ́ kí n di irun ẹ."